Tíṣà Keziah àti Ẹni Tí Yèyé Mi Ń Retí

Ìwé mẹ́ta ni Tíṣà Keziah Ọmọ́tọ́ṣọ́ kọ nípa ìdílé kan tí ogun Búmà tú ká. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú mi níbi tí mo jókòó sí yìí. Ẹ̀yìn wọn ti ya, nítorí kò sí àlejò tó wọ ilé mi tí kì í yá wọn, àwọn tó sì yá wọn lọ sí Èkó kì í rántí dá wọn padà àfi bí ọdún Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé nílùú ńlá máa ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo mọ obìnrin tó kọ wọ́n. Mo mọ̀ ọ́n o. Mo ti pariwo lé e lórí rí lójú gbogbo ìjọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kí n sì fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bí mo bá ń dúpẹ́ lójúkojú, kì í jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdajì tó fi ń bi mí léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi.

Ọmọ Ìdòfin ni. Bàbá rẹ̀ lọ sí ogun Búmà, ó sì padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí kì í tẹ̀. Tíṣà sọ fún mi pé títí bàbá náà fi kú, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló mẹ́nu kan ogun náà nínú ilé. Lẹ́ẹ̀kan, ó ní òjò ibẹ̀ kì í dá. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun kò tún ní fi ìrẹsì kan ẹnu mọ́ láyé òun. Ó tán. Ọmọ tó bá ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ yóò fúnra rẹ̀ wá ìyókù ọ̀rọ̀ náà ni. Keziah kàwé di olùkọ́, ó ṣiṣẹ́ ní ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó lọ́kọ, ọkọ náà ṣaláìsí kí wọ́n tó bímọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1972, wọ́n gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Áńgílíkà ní Òsí, ó sì gba yàrá kan nínú ilé tó kọ ẹ̀yìn sí ilé ìyá mi. Ògiri amọ̀ kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín.

Ìwé ajákọ àwọn ọmọ iléèwé ló fi ń kọ ìtàn rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti jókòó lójú fèrèsé pẹ̀lú ife ògì gbígbóná, á máa kọ ọ́ títí agogo iléèwé yóò fi lù. Ó ní bí agogo bá ti lù, orí òun ti di ti ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Bí ó bá wá di ọ̀sán Sátidé, á ṣí yàrá ìkàwé kan ní iléèwé, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn, Tíṣà á sì ka ohun tó kọ láàárín ọ̀sẹ̀. Bàbá Ọláìtán tó ń ránṣọ ló fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀. Ibikíbi tí bàbá náà bá ti sùn, Tíṣà á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i, á lọ gé e kúrò. Àwọn àgbà tí wọ́n ti jagun rí náà máa ń wá, wọ́n á ní bàtà àwọn kò dún bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àwọn kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Á dúpẹ́, á kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí wọn kò sọ nǹkan kan fún ìyàwó wọn láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn wá ń sọ ọ́ fún tíṣà lórí bẹ́ǹṣì, nítorí kí ó má baà ṣì í kọ.

Ìlọ́fà ni mo ń gbé nígbà náà, ibẹ̀ náà ni mo wà títí dòní, dìsípẹ́ńsárì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Sátidé Sátidé ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá sí Òsí láti wá wo ìyá mi. Ọ̀rọ̀ ìyá mi yìí gan-an ló kàn báyìí.

Susanna ni orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un, Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ méjì ló kù fún un nínú mẹ́fà tó bí: ẹ̀gbọ́n mi Adégbìtẹ́, àti èmi Àtinúkẹ́ tí mo jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Adégbìtẹ́ wọ sójà lọ́dún 1943. Ọmọ ogún ọdún ni, èmi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ kò ju èjìká rẹ̀ lọ, nítorí orí èjìká yẹn ni mo máa ń gùn lọ sóko. Nígbà tí ogun parí tí àwọn yòókù ń bọ̀ wálé lọ́kọ̀ọ̀kan, Yèyé wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìlọrin láti lọ béèrè rẹ̀. Akọ̀wé kan ṣí ìwé ńlá kan, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó padà, kò sì sí lára àwọn tó kú. Ó ní kí Yèyé lọ dúró dè é nílé.

Yèyé lọ dúró dè é nílé. Láti ọjọ́ náà, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú mìíràn. Àbúrò rẹ̀ kú ní Ìlọ́fà, kò lọ. Mo ṣègbéyàwó ní Ìlọ́fà kan náà, kò wá. Ilé ọkọ mi ń wo ọ̀nà títí ọ̀sán fi pọ́n, ìyá ìyàwó kò yọjú. Mo bínú sí i títí mo fi bí ọmọ kejì, kí n má purọ́, mo bínú kọjá bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fi ègé iṣu kan sílẹ̀ nínú ìkòkò. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé inú yàrá Adégbìtẹ́. Èmi ní tèmi ti gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú tipẹ́, mo sì ń sọ ọ́ jáde, nígbà mìíràn lójú rẹ̀.

Lọ́dún 1976, awọ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ ohun tí mò ń wò. Dókítà ojú kan wà ní Ìlọrin tó ń ṣí irú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1979, ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá, tòsì ń rí òjìji lásán. Dókítà kan tó wá bẹ dìsípẹ́ńsárì wa wò yẹ̀ ẹ́ wò fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kí ọdún tó ń bọ̀ gorí rẹ̀, nítorí ojú kan tó kù yẹn náà ti ń múra àtilọ. Mo bẹ Yèyé. Mo kígbe. Mo tún bẹ̀.

"Bí ó bá wá ńkọ́?" Yèyé dá mi lóhùn. "Bí ó bá kan ulẹ̀kùn, tí éè sí ẹni tó mọ̀ ọ́n?"

"Yèyé, ẹnikẹ́ni á ṣílẹ̀kùn fún un."

"Ẹnikẹ́ni éè mọ̀ ọ́n. Ojú ọmọdé ló gbé lọ. Ojú àgbà ni á gbé bọ̀. Ọ̀rẹ́, ìwọ gan-an tí ọ jẹ́ àbúrò rẹ̀ éè lè mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ni, n kò lè mọ̀ ọ́n.

Ní Sátidé tó ṣáájú Kérésì ọdún 1979, mo di ọwọ́ Yèyé mú, mo ní kó jẹ́ ká lọ gbọ́ ìtàn Tíṣà. Kò lọ rí. Mo kàn fẹ́ kó jáde nínú ilé ni. Àwọn ará ilé ti dé láti Èkó àti Kàdúná, yàrá ìkàwé kún, àwọn kan dúró lójú fèrèsé. Wọ́n wá àga gidi fún Yèyé níwájú. Ìwé kejì ni Tíṣà ń kà lọ́jọ́ náà, ibi tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìdílé náà, Ògúndípẹ̀, ti dùbúlẹ̀ sínú igbó pẹ̀lú ọgbẹ́, tí ibà ń ṣe é, tí ó sì ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ létí bí ẹni pé ìyá náà ń kì í láti ilé:

Àdìgún ọmọ mi,
agbẹ́sẹ̀-òsì-ṣáájú,
akọsẹ̀-má-ṣubú.
Ọmọ tó jẹ ẹyin adìẹ mi,
tó ní ejò ló gbé e mì.
Ejò wo ló jẹ ẹyin
tó fi èèpo rẹ̀ sápò ṣòkòtò rẹ?

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọláìtán pàápàá jí. Yèyé dìde.

"Tíṣà," ló wí, "ibi sí ọ ti rí ọmọ mi?"

Ó ń béèrè ibi tí Tíṣà ti rí ọmọ òun.

"Éè sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn láyé yìí. Èmi ni mo rí èèpo lápò rẹ̀. Èmi ni mo fi kì í. Èmi àti òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Òun ló sọ ọ́ fún ọ. Ibi sí ọ ti rí i?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ará ibí. A lè yí orúkọ èèyàn padà nínú ìwé, a lè yí orúkọ ìlú padà, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n oríkì tí ìyá fẹnu ara rẹ̀ hun fún ọmọ kò ní ẹlòmíràn tó lè jẹ́ ẹ. Ẹni tí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ti bá ẹni tó ni ín pàdé nìyẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn. Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà ló mọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ronú lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà la ẹnu, ariwo ayọ̀ sì bo ohun tó fẹ́ wí mọ́lẹ̀. Wọ́n ti gbé Yèyé sókè. Wọ́n ń kọrin ọpẹ́ lọ sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, Memunat aládùúgbò wa gbé ẹní tuntun wá fún Adégbìtẹ́. Yèyé pa àkùkọ. Ó ní kí wọ́n po ẹfun fún òun, òun fẹ́ fi kun yàrá ọmọ òun. Èmi ńkọ́? Èmi tí mo ti pè é ní òkú láti ogún ọdún, mo gbà á gbọ́. Mo sunkún sùn bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, bí ìsìn ti parí, mo bá Tíṣà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ láàárín èrò, mo ní Ọlọ́run á san án fún un, mo ní kó sọ fún mi, níbo ló ti rí ẹ̀gbọ́n mi?

Ó fà mí dìde. Ojú rẹ̀ ti wú. Kò sùn rárá. "Nọ́ọ̀sì," ó wí jẹ́jẹ́, "mi ò rí i rí. Ohùn Yèyé ni mo máa ń gbọ́. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni wọ́n ti máa ń kì í láàárọ̀, bí mo bá ti jókòó láti kọ̀wé. Mo rò pé oríkì ilé yín ni, pé gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ sọ ọ́ lánàá, wọn ò gbọ́. Mo wá sẹ́nu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀mẹta, orin ni mo ń gbọ́ níbẹ̀."

Àwọn àgbà ní ògiri létí. Tiwa létí, ó tún mú kálámù dání. N kò mọ̀ pé Yèyé ń kì í láràárọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá sùn mọ́jú níbẹ̀ tí mo gbọ́ kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀ rẹ̀, mo rò pé àdúrà ni. Ìtìjú yẹn ló di ìbínú. Mo pariwo. Mo pe Tíṣà ní olè. Mo ní olè tó ń jí ohùn arúgbó láti ẹ̀yìn ògiri, ẹni tí kò bímọ tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo tíì sọ láyé mi tó dùn mí tó ìyẹn. Ó kọjá lára mi, ó rìn lọ tààrà sí ilé Yèyé, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹfun wà lọ́wọ́ Yèyé. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Dìde. Máa lọ ulé rẹ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò jẹ oúnjẹ tí mo sè. Láàárọ̀ kò kì ẹnikẹ́ni mọ́, mo dúró gbọ́. Ní òdìkejì ògiri, Tíṣà náà ń gbọ́ pé kò gbọ́ nǹkan kan, ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò lè kọ ìlà kan láàárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́jọ́ kẹrin, Yèyé ní kí n lọ pè é wá. Mo lọ, mo dojú délẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, n kò tíì ní ìgboyà láti tọrọ àforíjì. Tíṣà wá jókòó sílẹ̀ lórí ẹní.

"Ọdún mélòó lọ ti ń gbọ́ mi?" Yèyé bi í.

"Ó ń lọ sí ọdún mẹ́jọ, Yèyé."

"Lójoojúmọ́?"

"Àfi ọjọ́ tí ara yín kò bá yá."

Yèyé mi orí. "Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Kì í, kí n gbọ́."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Kò wo ibì kankan. Ó kì í bí Yèyé ṣe ń kì í gan-an, ibi tó ń mí àti ibi tó ń fa ohùn, ó sì gùn ju èyí tó wà nínú ìwé lọ dáadáa. Nígbà tó dé òpin, Yèyé ní, "Ọ fo ibì kan." Ó fà á mọ́ra, ó sọ ìlà kan sí i létí, nítorí ibẹ̀ ni òun máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ jù, ògiri kò jẹ́ kó kọjá. Èmi tí mo jókòó ní igun yàrá, n kò gbọ́ ọ. N kò tíì gbọ́ ọ títí dòní.

"Yèyé," Tíṣà wí, "bí ẹ bá lọ ṣe ojú yín ní Ìlọrin, èmi á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín. Ọkùnrin yòówù tó bá dúró níbẹ̀, mo máa kì í. Bó bá jẹ́ òun ni, á dáhùn."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pòṣé. Obìnrin tó kàwé, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Ṣùgbọ́n Yèyé ti tẹ̀ síwájú lórí àpótí rẹ̀.

"Ọ éè ní lọ sí uléèwé?"

"Ọlidé Àjíǹde ni a ó lò, Yèyé. Iléèwé á ti wà ní títì."

"Ọ éè ní lọ sí odò?"

"Memunat á bá mi pọnmi."

"Ọjọ́ Àjíǹde ńkọ́? Ọ éè ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni o, akọrin tún ni. Ó ronú. "Mi ò ní lọ," ló sọ.

Yèyé mí kanlẹ̀. "Àtinúkẹ́, wá mọ ọjọ́ tí dókítà á gbà wá."

Bí ó ti rí nìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí èmi, ọkọ mi, àlùfáà, dókítà kò rí i fà jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, àṣìṣe Tíṣà ló fà á jáde. Ẹnì kejì ti wà láyé tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, Yèyé fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi Tíṣà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò ní Ìlọrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ó wò mí, ó tún wò mí, ó ní, "Àtinúkẹ́! Ọ ti hu ewú báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá kò mọ èyí tí òun ì bá bá mi ṣe.

Nígbà tí a padà dé, Tíṣà dìde lórí àpótí.

"Ó wá?" Yèyé bi í.

"Kò wá, Yèyé."

"Ọ dúró?"

"Mo dúró."

Yèyé gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì súre fún un títí ọrùn fi ro èmi tí mo ru ẹrù.

Ọdún méje ni Yèyé fi ojú kan yẹn ríran kó tó lọ bá àwọn àgbà, oore inú ọdún méje náà kò ṣeé kà tán. Ó wá sí Ìlọ́fà! Ó wá jókòó sínú pálọ̀ mi, ó jẹun nínú àwo mi, ó ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn ọmọ mi, ó sì sọ fún ọkọ mi níwájú mi pé kò gbọdọ̀ gba ìgbóná orí mi láyè. Ọjọ́ tó bá ń bọ̀, Tíṣà á gbé ìwé ajákọ rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà ní Òsí, ibẹ̀ ló sì ti kọ púpọ̀ nínú ìwé kẹta. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé kejì jáde ní Òmù-Àrán lọ́dún 1983, Tíṣà ní òun á yọ oríkì náà kúrò. Yèyé kọ̀. Ó ní bí Adégbìtẹ́ bá ti mọ̀wé kà níbi tó wà, kí wọ́n jẹ́ kó bá a níbẹ̀. Kìkì ìlà tó sọ sí Tíṣà létí ni kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé, kí ọ̀bàyéjẹ́ kan má baà kà á tán kó wá pe ara rẹ̀ lọ́mọ òun.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí, ọ̀la ọjọ́ tí a ti Ìlọrin dé ni mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Tíṣà jókòó níbẹ̀ lóòótọ́ ni, àbí ó kàn tu arúgbó nínú. Ẹ má bínú, bí inú mi ti rí nìyẹn. Mo bi Memunat.

"Ó jókòó kẹ̀," Memunat wí. "Ọjọ́ Àjíǹde, wọ́n ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá wọn gbè é lórí àpótí. Àmọ́ kò tíì sọ ti ọkùnrin yẹn fún ọ?"

Ọkùnrin wo?

Ó ní lọ́jọ́ keje, ọkùnrin kan tí ewú ti gba orí rẹ̀ gba ojú ọ̀nà kọjá pẹ̀lú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń wo ilé náà. Ó ní Tíṣà dìde, ìwé já bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ìlà kan. Ọkùnrin náà dúró gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tó parí, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ta ni ẹ ń kì? Omi ni mo fẹ́ tọrọ." Tíṣà bu omi fún un. Ó mu ún, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Ararọ̀mí.

Mo lọ bá Tíṣà ní yàrá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun ti gbàgbé, irọ́ ni. Mo wá bi í nípa ọkùnrin náà. Ó kọ́kọ́ ń to ìwé rẹ̀, kò wò mí.

"Nọ́ọ̀sì," ó wí, "mo mọ̀ pé ìtàn ni mò ń kọ. Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo jókòó lọ́jọ́ kìíní, nítorí Yèyé ni mo fi jókòó. Àmọ́ nígbà tí ọkùnrin yẹn dúró, àyà mi já. Mo fẹ́ kó jẹ́ òun ni." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Nígbà tó béèrè omi, mi ò mọ bí mo ṣe rìn dé ìdí àmù. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú."

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Yèyé ti nìkan ń retí Adégbìtẹ́. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ti jáwọ́. Obìnrin ará Ìdòfin yìí, tí kò rí i rí, ló wá bá ìyá mi gbé e. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó sọ fún mi bí ọkùnrin náà ṣe ga tó, bí èjìká rẹ̀ ṣe rí, ẹsẹ̀ wo ló fi ṣáájú nígbà tó ń lọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, èmi náà ń tẹ́tí gbọ́ ọ.